Igi Eléso Nínú Ìkòkò: Ẹ Ka Omi Kí Ẹ Tó Ra Igi



Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹni tí ó ń gbé inú ìlú Ìlọrin, tàbí inú ìlú mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí kò ní ilẹ̀ kankan ju àgbàlá tí a fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé lọ, ṣùgbọ́n tí ó ń fẹ́ igi eléso tí yóò máa ká fún ara rẹ̀. Ó wà pẹ̀lú fún ẹgbẹ́ tí ó ń rò ó bóyá èrè wà nínú pé kí a máa tọ́jú ọmọ igi fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, tí Ìlọrin sì di olú-ìlú rẹ̀, púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí ó yí ìlú ká ni ó jẹ́ oko. Lónìí, ilé ni ó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ náà. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ ti jìnnà kò lè máa rin ìrìn wákàtí kan nítorí ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta tí a fẹ́ fi se àgbo.

Igi eléso lè gbé inú ìkòkò, ó sì lè so dáadáa. Síbẹ̀, irú igi tí a gbìn báyìí ní àsìkò òjò a máa gbẹ kí ọyẹ́ tó kọjá. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe pé ọwọ́ ẹni tí ó gbìn ín kò dára. Ìdí rẹ̀ ni pé ó ka igi, kò sì ka omi. Lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dúró lé: iye omi tí ilé kan lè rí ní oṣù Kejì ni ó gbọ́dọ̀ pinnu iye igi tí ilé náà yóò gbìn ní oṣù Karùn-ún.

1. ÌKÒKÒ KÌ Í ṢE ILẸ̀

Bí a bá wí pé "ìkòkò" nínú ìwé yìí, ohunkóhun tí a lè rọ erùpẹ̀ sí kí a sì gbin igi sínú rẹ̀ ni a ní lọ́kàn: ìkòkò amọ̀, garawa ọ̀dà, dúrọ́ọ̀mù tí a gé sí méjì, tàbí agbada sìmẹ́ǹtì.

Igi tí ó wà nínú ilẹ̀ a máa wá oúnjẹ fún ara rẹ̀. Bí òkè ilẹ̀ bá gbẹ, gbòǹgbò rẹ̀ a wá ọ̀rinrin lọ sí ìsàlẹ̀. Bí oúnjẹ bá tán ní apá kan, a yà sí apá kejì. Ṣùgbọ́n igi inú ìkòkò dà bí àgbò ìso. Ẹni tí ó bá ti so àgbò mọ́lẹ̀ de ọdún Iléyá mọ̀ pé ohun tí a bá gbé wá síwájú rẹ̀ nìkan ni yóò jẹ, àti pé bí a bá gbàgbé omi rẹ̀ ní ọjọ́ kan, kò lè dìde lọ sí odò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni igi yìí rí.

Nítorí náà a kò gbọdọ̀ tan ara wa. Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìlá níbùú àti lóròó, ilẹ̀ ni kí ó gbin igi rẹ̀ sí. Yóò so ju ti inú ìkòkò lọ, wàhálà rẹ̀ yóò sì kéré. Ìkòkò wà fún ẹni tí kò ní ilẹ̀, fún ayálégbé tí yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan, àti fún igi tí a fẹ́ máa gbé kúrò lójú kan sí òmíràn.

Gbígbé igi báyìí kì í ṣe ohun tuntun láyé. Ní ààfin Versailles ní ilẹ̀ Faransé, a kọ́ ilé ńlá kan láàrin ọdún 1684 sí 1686 fún àwọn igi ọsàn ọba. Inú àpótí ni wọ́n gbin àwọn igi náà sí. Bí òtútù bá dé, a gbé wọn wọlé, bí ooru bá padà, a tún gbé wọn jáde. Àwọn ń sá fún yìnyín, àwa ń sá fún ọyẹ́. Ọgbọ́n kan náà ni.

2. IRÚ IGI TÍ Ó YẸ

Kí a tó yan igi, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Ìkíní: ǹjẹ́ igi náà lè wà ní kúkúrú láìṣàìsàn? Ìkejì: ǹjẹ́ yóò tètè so? Ìkẹta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bi ara wọn: ǹjẹ́ èso díẹ̀ nínú rẹ̀ wúlò? Igi inú ìkòkò kò lè so kún agbọ̀n ńlá. Ó yẹ kí a yan èso tí a ń lò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

(a) Ọsàn wẹ́wẹ́. Òun ni ó ṣáájú gbogbo wọn. Ẹyọ kan tó fún ẹja, ẹyọ méjì tó fún àgbo, ó sì máa ń wọ́n ní ọjà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi rẹ̀ kì í ga púpọ̀, kò sì nílò igi kejì kí ó tó so. Èyí tí a lọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí so ní ọdún kejì tàbí ìkẹta.

(b) Gúáfà. Igi tí kì í tètè bínú ni. Orí ẹ̀ka tuntun ni ó ń so sí, nítorí náà bí a bá gé e kí ó lè wà ní kúkúrú, a kò pa èso rẹ̀ lára. Ńṣe ni a ń mú kí ó tún so. Èyí tí a mú láti ara ẹ̀ka, bí a ó ti ṣàlàyé ní ìsàlẹ̀, a máa so láàrin ọdún kan sí méjì.

(d) Ìbẹ́pẹ onírú kúkúrú. Ó lè so kí ọdún kan tó pé. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni kí a ṣọ́ra fún. Bí omi bá dúró sí ìdí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré, ó lè kú. Àti pé ìbẹ́pẹ ní akọ àti abo, ó sì ní èyí tí ó jẹ́ akọ àti abo pọ̀. Kóró inú èso gígùn, láti ibi tí kò sí akọ ìbẹ́pẹ nítòsí, ni ó dára jù láti gbìn. Nínú mẹ́ta irú wọn, bí méjì ni yóò jẹ́ akọ àti abo pọ̀, ọ̀kan yóò jẹ́ abo, gbogbo wọn yóò sì so.

(e) Máńgòrò Julie. Láti erékùṣù ìwọ̀-oòrùn, níhà Jàmáíkà àti Trínídáádì, ni a ti mọ̀ ọ́n. Igi rẹ̀ kúrú ju máńgòrò ìbílẹ̀ lọ, èso rẹ̀ sì dùn. Dúrọ́ọ̀mù ìdajì ni kí a fi gbìn ín. Kí ẹ rántí pé nígbà máńgòrò, agbọ̀n máńgòrò kì í wọ́n ní Ìlọrin. Adùn irú ẹ̀yà yìí nìkan ni ó lè mú kí wàhálà rẹ̀ yẹ.

Àwọn tí kò yẹ fún ìkòkò ni agbálùmọ̀, kajú, àgbọn àti máńgòrò ìbílẹ̀ tí a gbìn láti inú kóró. Igi ńláńlá ni wọ́n. Ìkòkò yóò fún wọn mọ́ kí wọ́n tó mọ èso. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pàápàá, bí ó tilẹ̀ kúrú, omi tí ó ń mu pọ̀ ju ohun tí ilé tí ń ra omi lè fún un lọ.

3. IGI TÍ A LỌ́, ÀTI BÍ A ṢE LÈ DÁ A MỌ̀

Láti lọ́ igi ni pé kí a mú ojú kan tàbí ẹ̀ka kékeré kan láti ara igi tí ó ti ń so, kí a so ó mọ́ ara ọmọ igi mìíràn tí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, títí àwọn méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Nítorí pé ara igi àgbà ni ojú náà ti wá, kò ní ìgbà èwe láti tún lò. Ní kété tí ó bá lágbára, yóò so. Ọsàn mímu tí a gbìn láti inú kóró lè gba ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so. Èyí tí a lọ́ a máa so ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin. Nínú ìkòkò, ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé gbogbo ọdún tí igi kò so ni a ó fi máa gbé omi fún un lásán.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta ọmọ igi lẹ́bàá ọ̀nà ni ó mọ iṣẹ́ wọn. Àwọn mìíràn a máa ta igi oníkóró ní iye owó igi tí a lọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nǹkan mẹ́rin yìí:

Ẹ wo ara igi náà ní bí ìbú ọwọ́ méjì sókè láti ìdí rẹ̀. Bí a bá lọ́ ọ, ẹ ó rí àpá, tàbí ibi tí ara rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Igi tí ó bá dán láti ìdí dé òkè láìní àpá, kóró ni ó ti wá.

Ẹ béèrè irú ìyá igi tí a ti mú ojú rẹ̀, àti ibi tí ó wà. Ẹni tí ó lọ́ igi fúnra rẹ̀ yóò lè dáhùn.

Ẹ wo ìdí àpò rẹ̀. Bí gbòǹgbò bá ti ká mọ́ ara wọn bí òṣùká, igi náà ti pẹ́ jù nínú àpò. Ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn ewé. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú, tàbí èèrà tí ń gun igi lọ gun igi bọ̀, kòkòrò ti wà níbẹ̀.

Àwọn ènìyàn a máa wí pé ọsàn àwọn "yí padà," pé èyí tí ó dùn nígbà tí a rà á ti di kíkan. Igi kì í yí padà. Lára lẹ́mọ́ọ̀nù eléèpo ṣákiṣàki ni a sábà ń lọ́ ọsàn sí. Bí ẹ̀ka bá hù láti ìsàlẹ̀ àpá, ẹ̀ka lẹ́mọ́ọ̀nù náà ni. Bí a kò bá yọ ọ́, yóò gba gbogbo oúnjẹ, ọsàn òkè yóò kú, lẹ́mọ́ọ̀nù ni yóò sì kù. Nítorí náà, gbogbo ohun tí ó bá hù ní ìsàlẹ̀ àpá, ẹ máa fi ọwọ́ ya á nígbà tí ó ṣì rọ̀.

4. ÌKÒKÒ ÀTI IHÒ RẸ̀

Ìkòkò tí kò ní ihò, ibojì igi ni. Gbòǹgbò nílò afẹ́fẹ́ bí ó ti nílò omi. Bí omi bá kún gbogbo àyè inú erùpẹ̀, gbòǹgbò yóò jẹrà. Ihò mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtàǹpàkò, ni kí ó wà ní ìdí ìkòkò ńlá. Kí a gbé ìkòkò lé orí bíríkì mẹ́ta kí omi lè rí ọ̀nà jáde.

Àwọn obìnrin amọ̀kòkò ti Dada ní Òkèlele, nínú ìlú Ìlọrin níhìn-ín, ń mọ ìkòkò láti ayébáyé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti amọ̀ lè bá wọn sọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n dá ihò sí ìdí rẹ̀ nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, kí wọ́n tó sun ún. Ẹni tí ó bá lu ihò sí ìkòkò tí a ti sun, bí kò bá ṣọ́ra, àpáàdì ni yóò kó lọ sílé. Ìkòkò amọ̀ a máa tutù nínú oòrùn, ṣùgbọ́n omi a máa gba ara rẹ̀ jáde, nítorí náà ó ń tètè gbẹ. Garawa rọ́bà ń pa omi mọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbóná, àgàgà bí ó bá dúdú. Dúrọ́ọ̀mù irin tí a gé sí méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 100, a máa pẹ́ bí a bá kùn ún ní ọ̀dà funfun. A kò gbọdọ̀ lo ohun tí ó ti gba oògùn kòkòrò, oògùn koríko tàbí èròjà olóró rí, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Ní ti ìwọ̀n, garawa lítà 20 tó fún ọmọ igi ní ọdún kìíní. Lẹ́yìn náà kí a gbé ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí gúáfà sí ìkòkò lítà 40 sí 60, kí a sì gbé máńgòrò sí dúrọ́ọ̀mù ìdajì. Ẹ yan ibi tí ìkòkò ńlá yóò wà kí ẹ tó rọ erùpẹ̀ sí i. Dúrọ́ọ̀mù ìdajì tí erùpẹ̀ tútù kún a máa wúwo ju 150 kílò lọ. Ibi tí oòrùn ń dé fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ni kí ó jẹ́.

Àṣà kan wà tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa kọ́kọ́ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí ìkòkò, wọ́n ní kí omi lè tètè jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kì í tètè fi erùpẹ̀ sílẹ̀ bọ́ sáàrin òkúta. A máa dúró ní ìsàlẹ̀ erùpẹ̀, lókè òkúta, títí ibẹ̀ yóò fi kún. Nítorí náà òkúta ń gbé ẹrẹ̀ sún mọ́ gbòǹgbò ni. Àpáàdì kan lórí ihò kọ̀ọ̀kan, tàbí àjákù àwọ̀n, ti tó láti dá erùpẹ̀ dúró.

5. ERÙPẸ̀ ÀTI GBÍGBÌN

Ilẹ̀ yangí pọ̀ ní agbègbè wa. Bí a bá bù ú sínú ìkòkò ní òun nìkan, yóò le bí bíríkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ po ilẹ̀ orí dúdú ìwọ̀n méjì, ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa ìwọ̀n kan, àti iyanrìn odò ìwọ̀n kan. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù a máa jó gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kí ó jẹrà fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ.

Oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje ni ó dára jù láti gbìn, kí igi lè fìdí múlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ ya àpò rẹ̀ láìfọ́ erùpẹ̀ inú rẹ̀, ẹ gbìn ín ní jíjìn kan náà pẹ̀lú bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Kí erùpẹ̀ má ṣe dé àpá lílọ́, kí ajílẹ̀ má sì ṣe kan ara igi, nítorí pé èèpo ọsàn tí erùpẹ̀ tútù bò a máa jẹrà. Ẹ fi ìbú ìka mẹ́ta sílẹ̀ lókè ìkòkò kí omi lè rí àyè dúró díẹ̀ kí ó tó wọlé. Ní ọdún kìíní, bí igi bá yọ òdòdó tàbí èso, ẹ já a dànù. Ọmọ tí kò tíì gbó kì í pọn ọmọ.

6. OMI, TÍ Í ṢE OLÓRÍ Ọ̀RỌ̀

Òjò tí ń rọ̀ ní Ìlọrin láàrin ọdún kan jẹ́ bí mílímítà 1,200, ṣùgbọ́n láàrin oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tán. Igi inú ilẹ̀ lè fi èyí tí ilẹ̀ pa mọ́ rọ́jú. Igi inú ìkòkò kò lè ṣe é.

Ìkòkò lítà 50 tí igi inú rẹ̀ ti dàgbà lè mu lítà mẹ́ta sí márùn-ún lójúmọ́ nígbà ọyẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi mẹ́rin ṣe ìṣirò. Láti àárín oṣù Kọkànlá títí di àárín oṣù Kẹta jẹ́ 120 ọjọ́. Igi kan yóò mu lítà 480. Igi mẹ́wàá yóò mu lítà 40 lójúmọ́, tí í ṣe lítà 4,800 títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí. Bí a bá fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 pọn ọ́n, kẹ́ẹ̀gì 192 ni. Ilé tí ó ní kànga tí kì í gbẹ lè ṣe é. Ilé tí ń ra omi, tàbí tí ọmọ ilé-ìwé ń pọn omi fún, kò lè ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejì, ènìyàn ni yóò mu omi náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igi mẹ́ta kò ní gbà ju lítà 12 lọ lójúmọ́, èyí tí kò tó ìdajì kẹ́ẹ̀gì kan. Igi mẹ́ta tí ó yè sàn ju mẹ́wàá tí ó gbẹ.

Bí a ṣe ń bu omi rin ín nìyí. Ẹ ti ìka bọ inú erùpẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ibẹ̀ bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ bu omi títí yóò fi máa jáde ní ìdí ìkòkò. Omi díẹ̀díẹ̀ tí ó kan òkè nìkan kò ṣe gbòǹgbò ìsàlẹ̀ ní àǹfààní. Nígbà ọyẹ́, àárọ̀ kùtùkùtù ni kí a bu ú. Nígbà òjò, ẹ má ṣe bu omi sí ìkòkò tí òjò ti rin.

Omi tí a fi fọ ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ dára fún igi. Omi ọṣẹ àti omi oníyọ̀ kò dára. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí iyọ̀ lórí erùpẹ̀, ẹ da omi púpọ̀ sí i ní àkókò òjò kí ó lè fọ̀ ọ́ jáde.

Ohun mẹ́ta ni yóò dín omi kù nígbà ọyẹ́: kí a fi koríko gbígbẹ bo ojú erùpẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má kan ara igi, kí a kó àwọn ìkòkò jọ pọ̀ kí wọ́n lè ṣíji bo ara wọn, kí a sì gbé wọn sí ẹ̀yìn ògiri tí yóò gba atẹ́gùn ọyẹ́ dúró.

A kìlọ̀ fún yín: ẹ má ṣe fi abọ́ tí omi ń dúró sí sí abẹ́ ìkòkò. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí. Èso tí ó mú ibà wá sínú ilé kì í ṣe èrè.

7. OÚNJẸ ÀTI GÍGÉ

Bí a ti ń bu omi, bẹ́ẹ̀ ni omi ń fọ oúnjẹ jáde. Ẹ máa fi ajílẹ̀ jíjẹrà tí ó kún ọwọ́ méjì bo ojú erùpẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní àárín rẹ̀. Bí ẹ bá ní ajílẹ̀ òyìnbó onínọ́ńbà 15-15-15, ṣíbí ìjẹun kan fún ìkòkò lítà 50, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì nígbà òjò, ti tó. Orí erùpẹ̀ tútù ni kí a fọ́n ọn sí, kí ó jìnnà sí ara igi. Ẹni tí ó bá fi ìkúnwọ́ kan sí i kí ó lè yára, pípa ni yóò pa á.

Ẹ gé orí igi nígbà tí ó bá ga dé ìbàdí ènìyàn, kí ó lè ya ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìbẹ́pẹ nìkan ni a kò ní gé. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀ka tí ó kú, tí ó ń wọ inú, tàbí tí ó ga jù ni kí a máa gé lẹ́yìn ìkórè. Ní ọdún kẹta kọ̀ọ̀kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ yọ igi náà nínú ìkòkò, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ àti ti ìdí ní ìbú ìka méjì, ẹ fi erùpẹ̀ tuntun dípò rẹ̀, ẹ sì gé ẹ̀ka díẹ̀ kí òkè má bàa ju ìsàlẹ̀ lọ.

8. KÒKÒRÒ

Lára ewé ọsàn ẹ ó máa rí ohun kan tí ó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ. Ẹ wò ó dáadáa: kòkòrò tí yóò di labalábá ńlá aláwọ̀ dúdú àti ìyẹ́yìn ni. Bí ó bá dàgbà, a di aláwọ̀ ewé. Méjì nínú wọn lè jẹ ewé ọmọ igi tán láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ọwọ́ ni kí a fi mú wọn ní àràárọ̀. Igi mẹ́ta kò tó ohun tí a ń ra oògùn fún.

Fún kòkòrò kéékèèké tí ń fa omi ewé, ẹ po ṣíbí kékeré ọṣẹ olómi kan mọ́ lítà omi kan, kí ẹ fi nu ẹ̀yìn ewé ní ìrọ̀lẹ́. Igi dóńgóyárò pọ̀ káàkiri Ìlọrin. Ẹ gún àádọ́ta gíráàmù ekuro inú kóró rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú lítà omi kan mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì wọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Eṣinṣin èso tí ó ti ilẹ̀ Éṣíà wá, tí a kọ́kọ́ rí ní ilẹ̀ Áfíríkà ní Kẹ́ńyà ní ọdún 2003, ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa, máńgòrò àti gúáfà ni ó sì fẹ́ràn jù. Nínú èso ni ó ń yé sí. Ẹ fi àpò bébà bo èso kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó ṣì kéré. Èso tí ó bá rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sùn níbẹ̀. Ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ sì gbé e sínú oòrùn.

9. OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ẹnì kan tí ó ní ìkòkò mẹ́ta yóò rí èso jẹ, kò lè fi là. Inú ọmọ igi títà ni èrè ẹgbẹ́ wà. Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ mọ bí owó yóò ti pẹ́ tó kí ó tó padà. Láti ọjọ́ tí a gbin kóró lẹ́mọ́ọ̀nù títí di ọjọ́ tí a ó ta ọsàn tí a lọ́ sí i lára lè jẹ́ ọdún kan àbọ̀ sí méjì.

Nítorí náà, ọgbọ́n mìíràn ni kí ẹgbẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò nílò ju ọ̀bẹ mímú, ọ̀rá àti okùn lọ. Nígbà òjò, ẹ yan ẹ̀ka gúáfà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó nípọn bí ìka. Ẹ bó èèpo rẹ̀ yíká ní ìbú ìka méjì, kí ẹ ha ara rẹ̀ mọ́. Ẹ fi erùpẹ̀ ọlọ́ràá tútù tí a pò mọ́ háhá àgbọn tàbí ìyẹ̀fun pákó tí ó ti jẹrà bo ibẹ̀, ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ sì dì í lókè àti nísàlẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá, gbòǹgbò yóò hàn nínú ọ̀rá. Ẹ gé e ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ẹ gbìn ín sínú àpò, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ òjìji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò ní olórí gbòǹgbò, ìjì lè bì í ṣubú ní oko. Ṣùgbọ́n nínú ìkòkò, èyí kò pa á lára.

Láàrin àkókò náà, kí ẹgbẹ́ rán ọmọ ẹgbẹ́ méjì lọ kọ́ bí a ti ń lọ́ igi. Ilé ìwádìí NIHORT ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, ni ó ń ṣe ìwádìí lórí èso fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, ibẹ̀ ni ó sì yẹ láti béèrè ìyá igi rere. Kí ẹgbẹ́ ní ìwé tí a ń kọ orúkọ ìyá igi àti ọjọ́ lílọ́ sí, kí a sì so nọ́ńbà mọ́ ọmọ igi kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tí ń ta igi béèrè lọ́wọ́ oníbàárà pé, "Níbo ni ẹ ti ń rí omi ní oṣù Kejì?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé igi méjì ni omi náà tó fún, kí a má ṣe ta mẹ́fà fún un. Oníbàárà tí méjì rẹ̀ so yóò padà wá, yóò sì mú aládùúgbò rẹ̀ wá.

10. ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Mélòó nínú wa ni ó ní kànga tí kì í gbẹ títí òjò yóò fi dé? Mélòó ni ó ń ra omi?
2. Èló ni kẹ́ẹ̀gì omi kan ní oṣù Kejì ní àdúgbò wa? Bí igi mẹ́ta bá ń mu ìdajì kẹ́ẹ̀gì lójúmọ́, èló ni yóò jẹ́ fún 120 ọjọ́? Ǹjẹ́ ọsàn tí a ó ká tó bẹ́ẹ̀?
3. Ta ni ó ní igi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí gúáfà tí gbogbo wa mọ̀ pé ó ń so dáadáa, tí a lè mú ẹ̀ka lára rẹ̀?
4. Nínú igi tí a ti rà rí, mélòó ni ó ní àpá lílọ́?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn ìbéèrè kejì sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yọ owó láti ra ọmọ igi.